Ẹ Fi Kúlà Ìrẹsì Yẹn Sílé Ná

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Lágere, Ilé-Ifẹ̀ ni wá, a ò pọ̀, àwa fúnra wa la ń dá owó jọ. A ti jáde lẹ́ẹ̀mejì lálẹ́ lọ pín ìrẹsì àti omi fún àwọn tó ń sùn sẹ́nu ṣọ́ọ̀bù láti Lágere títí dé Sábó. Ìgbà àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Ìgbà kejì, àwọn ọmọkùnrin kan já kúlà gbà mọ́ wa lọ́wọ́, ìyá kan da oúnjẹ ẹ̀ nù ó ń ṣépè fún wa, bàbá kan ò tiẹ̀ wojú wa. Àwọn kan nínú wa ti ní àwọn ò lọ mọ́, wọ́n ní ìta ló wu àwọn èèyàn yẹn. Ṣé ká fi sílẹ̀ ni? Ṣé àwa tá ò lówó sì lè rí ilé fún ẹnikẹ́ni nínú wọn?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ẹ kú iṣẹ́ àánú, Ọlọ́run á fún yín ṣe. Ẹ má fi sílẹ̀ o. Àmọ́ ẹ fi kúlà yẹn sílé ná.

Iṣẹ́ wẹ́fíà ni mò ń ṣe, ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn tí ò nílé pàdé ní ọsibítù àti nígboro Ifẹ̀ yìí, ohun tí mo rí ni pé oúnjẹ kọ́ ló wọ́n wọn jù. Kì í ṣe pé ebi ò pa wọ́n o, ebi ń pa wọ́n, àmọ́ ìyá olóúnjẹ á bù fún wọn tó bá ń palẹ̀ mọ́ lálẹ́, ọjọ́ Jímọ̀ àwọn tó ń ṣe sàráà á dé, ọjọ́ Sọ́ńdè ẹlòmíì á tún fún wọn ní nǹkan. Ohun tí wọn ò ní ni ẹni tó mọ orúkọ wọn, tó mọ̀ pé ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń dùn wọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó sì tún padà wá wò ó bóyá ó ti sàn. Ẹni yẹn ni kí ẹ̀yin jẹ́. Tẹ́ ẹ bá ti di ẹni yẹn, oúnjẹ, oògùn, ẹbí, yàrá, gbogbo ẹ̀ á ṣeé ṣe díẹ̀díẹ̀, tẹ́ ẹ ò bá sì dì í, ẹ lè pín ìrẹsì fún ọdún márùn-ún kí ẹnikẹ́ni má kúrò lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù tó wà.

Ẹ jẹ́ ká wo alẹ́ ọjọ́ yẹn bó ṣe rí lójú tiwọn. Òru ni wọ́n ń jí ẹrù ẹni tó ń sùn síta kó, òru ni wọ́n ń fipá bá àwọn obìnrin tó wà níta lò pọ̀, ìtàn àwọn tó ń fi èèyàn ṣògùn owó tí gbogbo wa ń gbọ́ yẹn, àwọn gan-an ló ń bà lẹ́rù jù, torí wọ́n mọ̀ pé táwọn bá sọnù lónìí kò sẹ́ni tó máa wá àwọn. Ẹ wá yọ sí wọn lójijì pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ẹ dúró lé wọn lórí, ẹ ń na abọ́ sí wọn, wọn ò sì mọ̀ yín rí. Ìyá tó da oúnjẹ nù yẹn, ó lè jẹ́ àìsàn ọpọlọ ló ń sọ fún un pé májèlé wà níbẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé orí ẹ̀ pé dáadáa, ẹ̀rù ló kàn bà á. Èmi ò ní bá a wí.

Ìlú náà sì ń bẹ̀rù wọn. Ẹ̀yin náà ti gbọ́ ọ rí pé wọ́n mú wèrè kan níbì kan, wọ́n ní gbọ́mọgbọ́mọ tó díbọ́n ni, kí wọ́n tó bèèrè ẹ̀rí wọ́n ti lù ú pa. Torí náà kẹ́ ẹ tó tún jáde, ẹ kọ́kọ́ lọ kí àwọn tó ni àdúgbò, ẹ kí ìyálọ́jà, ẹ kí ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù, ẹ kí àwọn tó ni ṣọ́ọ̀bù fúnra wọn, ní Sábó ẹ lọ rí Séríkí, olórí àwọn Hausa, ní gáréèjì ẹ lọ rí alága. Ẹ sọ orúkọ yín, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ máa ṣe. Ẹ má fojú kéré ọlọ́dẹ rárá, òun ló mọ ẹni tó dé lọ́sẹ̀ tó kọjá àti ẹni tó ti wà níbẹ̀ láti ọdún mélòó kan, ó mọ ẹni tó ń wú ikọ́ mọ́jú, ó mọ obìnrin tí wọ́n máa ń yọ lẹ́nu. Tí ọlọ́dẹ bá ti fọkàn tán yín, ìdajì iṣẹ́ yín ti ṣe.

Àwọn ọmọkùnrin tó já kúlà gbà ńkọ́? Nínú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹnìkan máa ń wà tí àwọn yòókù ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ẹ wá a, ẹ bá a sọ̀rọ̀ lójú ọ̀sán, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá tún ní nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ pín, òun ni kẹ́ ẹ ní kó bá yín pín in. Àwọn kan nínú wọn ń lo oògùn olóró bíi kolorádò tàbí tíramádọ̀ọ̀, èyí máa ń bí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì nínú débi pé ìwàásù ni wọ́n máa fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìwàásù bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn mu nǹkan yẹn kí oorun lè gbé wọn lọ lórí páálí nínú òtútù ni.

Àwọn tó ń sùn síta ní Ifẹ̀ kì í ṣe irú kan náà, ohun tó máa ran ẹnìkan lọ́wọ́ lè má wúlò fún ẹnìkejì. Alábàárù wà tó ń sùn sórí ìsọ̀ ní Odò-Ògbè kó lè fi owó tí ì bá fi gba yàrá ránṣẹ́ sílé, ẹni yẹn ò sọnù, ó mọ ohun tó ń ṣe, ibi tó máa ti wẹ̀ àti ẹni tó máa bá a tọ́jú owó ni wàhálà ẹ̀. Opó wà tí ẹbí ọkọ kó ẹrù ẹ̀ síta. Àgbàlagbà wà táwọn ọmọ ẹ̀ ò bójú wẹ̀yìn mọ́. Ní OAUTHC, ọsibítù ńlá ti yunifásítì OAU níbí, ẹ máa rí àwọn mọ̀lẹ́bí aláìsàn tó wá láti Oǹdó tàbí Èkìtì, owó ti tán lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń sùn sí kọ́rídọ̀ àti ìta wọ́ọ̀dù, aṣọ wọn mọ́, ẹ lè kọjá lára wọn lẹ́ẹ̀mẹwàá kẹ́ ẹ má mọ̀ pé àwọn náà ò ní ibi tí wọ́n ń sùn. Fún irú wọn, ẹní kan, búlẹ́ńkẹ́ẹ̀tì kan àti owó ọkọ̀ tí wọ́n á fi padà sílé lè tó.

Bí ẹ ṣe máa lọ nìyí. Ẹ lọ lójú ọ̀sán tàbí nírọ̀lẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ lọ ní méjì-méjì, kí obìnrin kan wà níbẹ̀, kí àwọn méjì kan náà máa lọ sí ojú ọ̀nà kan náà ní ọjọ́ kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí òjò rọ̀ kí òjò má rọ̀. Tó bá jẹ́ Tusidé lẹ ní, kó jẹ́ Tusidé. Ẹni tí gbogbo èèyàn ti já kulẹ̀ máa ń wò ó bóyá ẹ máa wá lóòótọ́, á sì ti ká ọjọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé. Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àgbàlagbà, ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ kí i bẹ́ ẹ ṣe máa kí bàbá yín. Ó máa ń dùn mí gan-an tí mo bá rí ọmọ ogún ọdún tó ń pe arúgbó ní "ìwọ" torí pé aṣọ arúgbó náà dọ̀tí. Ẹ jókòó sílẹ̀ tó bá gbà kẹ́ ẹ jókòó. Ẹ má bèèrè ohun tó gbé e dé ìta lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tàbí lọ́jọ́ kejì, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí òun fúnra ẹ̀ máa sọ lọ́jọ́ tó bá fẹ́. Bàbá tí ò wojú yín yẹn, ẹ ṣáà máa kí i, kẹ́ ẹ sì kọjá. Àwọn kan máa ń pẹ́ kí wọ́n tó dáhùn.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mú nǹkan dání, ẹ mú ohun tó kan ẹsẹ̀. Ní 1985, nígbà tí dọ́kítà kan tó ń jẹ́ Jim O'Connell bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú àwọn tí ò nílé ní ìlú Boston l'Amẹ́ríkà, àwọn nọ́ọ̀sì tó bá níbẹ̀ ní kó gbé ẹ̀rọ tó fi ń gbọ́ àyà sílẹ̀ ná, kó máa rẹ ẹsẹ̀ àwọn èèyàn sínú omi, kó máa wẹ̀ ẹ́ fún wọn. Ẹni tó ti ń sá fún dọ́kítà láti ọdún pípẹ́ á jókòó jẹ́ẹ́, ẹsẹ̀ ẹ̀ á wà nínú omi, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ibi tó ń dùn ún. Mo ti rí i pé bẹ́ẹ̀ náà ló rí níbí. Báàsì kan, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ọṣẹ, tówẹ̀lì mímọ́, ìbọ̀wọ́ nọ́ọ̀sì tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì, sílípáàsì tuntun. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ ẹni náà kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án. Tẹ́ ẹ bá bá egbò, ẹ fi omi mímọ́ àti ọṣẹ wẹ̀ ẹ́, ẹ bò ó, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má tú oògùn kápúsù dà sójú egbò bí àwọn èèyàn wa ṣe máa ń ṣe, kì í wo egbò sàn. Tó bá ń rùn, tó ti dúdú, tí ẹsẹ̀ wú tàbí tí egbò ọ̀hún ò jinná láti ọjọ́ pípẹ́, ibùdó ìlera alábọ́dé ló yẹ kó lọ, kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn kí wọ́n yẹ ìtọ̀ ṣúgà wò. Ẹni tó ti wú ikọ́ tó ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ mú un lọ ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ife, ọ̀fẹ́ ni oògùn ẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹni tí ajá bù jẹ, tó sì wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ń sùn nítòsí ààtàn, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kẹ́ ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ẹ tẹ̀ lé e dé ibẹ̀ o, kẹ́ ẹ jókòó tì í. Tẹ́ ẹ bá kàn júwe ọ̀nà fún un, wọ́n lè lé e pa dà lẹ́nu géètì torí bó ṣe rí, kò sì ní lọ mọ́ láé.

Ọ̀rọ̀ àìsàn ọpọlọ ló gba sùúrù jù, torí náà n ó dúró lórí ẹ̀ díẹ̀. Àwọn èèyàn wa gbà pé ẹni tó bá ti wọ ọjà ò ṣeé wò mọ́. Irọ́ ni. Ní 1954, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ nǹkan kan ní Àró l'Abẹ́òkúta tí àwọn onímọ̀ láti òkè òkun wá kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹ̀: dípò kí wọ́n ti aláìsàn mọ́lé, ó ní kí wọ́n máa gbé láàárín àwọn ará abúlé tó yí ọsibítù ká, kí mọ̀lẹ́bí kan bá wọn wá, kí wọ́n máa gba ìtọ́jú, kí wọ́n sì máa bá àwọn ará abúlé ṣiṣẹ́ kí wọ́n bá wọn jẹun. Ọ̀pọ̀ wọn gbádùn, wọ́n padà sílé. Ọmọ Yorùbá ló ṣe é, nílẹ̀ Yorùbá, ó sì ń yà mí lẹ́nu pé àwa fúnra wa ti gbàgbé.

Ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ wà ní OAUTHC. Ohun tó máa dí yín lọ́nà ni pé wọ́n á bèèrè mọ̀lẹ́bí tó máa dúró ti aláìsàn àti ẹni tó máa sanwó, torí náà ẹ kọ́kọ́ lọ bá àwọn wẹ́fíà ọsibítù sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó gbé ẹnikẹ́ni lọ, ẹ má gbé e dé ẹnu géètì kẹ́ ẹ tó máa wá ẹni tẹ́ ẹ máa rí. Ẹ bèèrè bóyá abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gbà lẹ́ẹ̀kan lóṣù á bá a mu, torí ẹni tó ń sùn síta ò lè tọ́jú oògùn oníhóró, òjò á pa á, wọ́n á jí i. Ẹ má fokùn dè é, ẹ má sì gbé e lọ síbi tí wọ́n á ti fi ṣẹ́ẹ̀nì dè é. Mo mọ̀ pé ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni yín, ẹ gbàdúrà fún un, àdúrà dáa, àmọ́ ní 2019 Human Rights Watch, àjọ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, sọ ohun tí wọ́n rí káàkiri Nàìjíríà, àwọn èèyàn tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, nílé àwọn oníṣègùn, nílé kéwú àti níbi ìtọ́jú ìjọba pàápàá. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2023, tó rọ́pò òfin 1958, gbà pé èèyàn lẹni tí ọpọlọ ẹ̀ ò dá, ó ní ẹ̀tọ́. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn wà lọ́kàn yín tí ẹnikẹ́ni bá ní kẹ́ ẹ jẹ́ káwọn bá yín nà án kí orí ẹ̀ lè pé.

Ẹbí wá ńkọ́? Èyí ni àwa Yorùbá fi ní nǹkan lọ́wọ́ tí ọ̀pọ̀ ìlú ò ní. Tí èèyàn bá ti ń bá yín sọ̀rọ̀, ẹ fetí sí ẹnu ẹ̀, ṣé Ìjẹ̀ṣà ló ń sọ ni àbí Ifẹ̀ àbí Ọ̀yọ́, tó bá jẹ́ arúgbó ẹ wo ilà ojú ẹ̀, ẹ bèèrè oríkì ẹ̀, ẹ bèèrè agboolé ìyá ẹ̀ pàápàá, torí ẹni tí bàbá ẹ̀ lé dànù, ilé ìyá ẹ̀ lè gbà á. Mo mọ bàbá kan tí gbogbo àwọn ará Máyẹ́fíà rò pé odi ni, àfi ọjọ́ tí ìyá alágbo kan tó jẹ́ ọmọ Iléṣà kí i lédè Ìjẹ̀ṣà, ó dáhùn. Nígbà tó yá ó dárúkọ agboolé wọn. Àwọn tó lọ sí Iléṣà bá ẹbí rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ àwọn ọmọ ẹ̀ ò fẹ́ rí i, wọ́n ní ó fi ìyá àwọn sílẹ̀ nígbà tí nǹkan le, inú wọn ò sì dùn sí ẹni tó wá ṣìpẹ̀. Àbúrò ẹ̀ obìnrin ló gbà á, ó fún un ní yàrá kan lẹ́yìnkùlé. Ó ṣì máa ń wá sí Ifẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, á jókòó síbi tó ń sùn tẹ́lẹ̀, á tún wọkọ̀ padà. Bí iṣẹ́ yìí ṣe máa ń rí nìyẹn tó bá lọ dáadáa, ẹ má retí kí wọ́n pa màlúù fún àpèjẹ.

Mọgàjí àti àwọn ìyá àgbà inú agboolé ló máa ń mọ ibi tí ọmọ wọ́n wà. Ní ìhà tiwa, àwọn agboolé kan ti tú ká látìgbà ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ ti 1997 sí 2000, ẹ lè ní láti bèèrè ní ọ̀nà jíjìn. Rédíò náà wúlò, Orísun FM wà níbí. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi o, ẹ ò gbọdọ̀ kéde ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé òun fúnra ẹ̀ gbà. Obìnrin tó sá fún ọkọ tó ń lù ú, tẹ́ ẹ bá pe orúkọ ẹ̀ lórí rédíò, ẹ ti júwe ibi tó wà fún ọkọ yẹn. Ọmọ tí wọ́n pè ní àjẹ́ tí wọ́n lé jáde, ilé tó ti jáde lè máà jẹ́ ibi tó yẹ kó padà sí.

Tó bá sì jẹ́ ọmọdé ló wà níta, ẹ má mú un lọ sílé yín, bó ti wù kí àánú ẹ̀ ṣe yín tó, wọ́n lè sọ pé ẹ jí i gbé. Ọ́fíìsì wẹ́fíà ìjọba ìbílẹ̀ ni kẹ́ ẹ mú un lọ, tàbí àgọ́ ọlọ́pàá kẹ́ ẹ sì bèèrè fún àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìdílé àti ọmọdé. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 wà, ẹ dárúkọ ẹ̀ fún wọn tí wọ́n bá fẹ́ lé yín.

Fọ́tò àti fídíò: rárá. Kì í ṣe ti Facebook, kì í ṣe ti WhatsApp ṣọ́ọ̀ṣì, kì í ṣe ti àwọn tó fowó sílẹ̀. Ìyá tó ń sùn lórí páálí lónìí lè ní ọmọ tó ń ṣègbéyàwó lọ́dún tó ń bọ̀. Tí àwọn tó fowó sílẹ̀ bá ń bèèrè ẹ̀rí, ẹ fi ìwé tẹ́ ẹ kọ ìnáwó sí hàn wọ́n.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ilé. Èrò àwọn èèyàn ni pé ẹni tó bá máa gba yàrá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáwọ́ nínú ọtí, kí orí ẹ̀ kọ́kọ́ pé, kó kọ́kọ́ níṣẹ́. Ní New York ní 1992, Sam Tsemberis yí i padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn tó ń sùn síta tí ọpọlọ wọn ò dá ní yàrá ná, kí ìtọ́jú tó tẹ̀ lé e, ọ̀pọ̀ wọn sì dúró sínú yàrá ọ̀hún. Fínláǹdì sọ ọ́ di ètò ìjọba ní 2008. Kì í ṣe pé ẹ máa kọ́lé bíi ti Fínláǹdì o. Ohun tó wà níkàáwọ́ yín ni yàrá kan fún ẹnìkan. Ẹ má wá a nítòsí ọgbà OAU, àwọn ọmọ ilé ìwé ti jẹ́ kó wọ́n níbẹ̀. Ẹ wọ inú ìlú lọ, Ìlódè, Mọ̀ọ̀rè, Ìrẹ̀mọ, ẹ máa rí ilé ẹbí tí ọ̀pọ̀ yàrá ẹ̀ ti wà ní títì torí àwọn ọmọ ti lọ sí Èkó tàbí òkè òkun, tó jẹ́ ìyá arúgbó kan ló kù níbẹ̀, inú irú ìyá bẹ́ẹ̀ lè dùn sí ẹni tí á máa pọnmi tí á máa gbálẹ̀, owó ẹ̀ ò sì ní pọ̀. Ẹ bá olórí ẹbí sọ̀rọ̀, ẹ má fi ohunkóhun pamọ́ fún wọn nípa ẹni tẹ́ ẹ ń mú bọ̀. Ẹ fún onílé lówó lọ́wọ́ ara yín, ẹ gba rìsíìtì, kẹ́ ẹ kọ orúkọ ẹni tó máa gbébẹ̀ sórí ẹ̀, kó má jẹ́ orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì, kí kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ òun. Kí ẹnìkan nínú yín ṣe onídùúró, kí onílé ní nọ́ńbà ẹ̀, kó máa pè é tí ìjà bá dé dípò kó kó ẹrù èèyàn síta. Ẹní, bọ́kẹ́ẹ̀tì, sítóòfù, ìkòkò kan, àwo méjì.

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ lewu jù. Yàrá á dákẹ́, ẹni tó ti mọ́ lára láti máa sùn láàárín èrò ò ní rí oorun sùn, àwọn kan máa ń padà síta láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ lọ bá a níbẹ̀, ẹ má bínú, ẹ má gba yàrá náà fún ẹlòmíì kíákíá. Tusidé tẹ́ ẹ ti ń lọ bá a níta, inú yàrá ni kẹ́ ẹ máa bá a báyìí. Lásìkò yẹn lẹ máa mú un lọ ṣe NIN, ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tó ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ sì jọ jókòó ronú ohun tó lè máa tà tàbí iṣẹ́ tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ kó tó dé ìta, ọ̀pọ̀ wọn ló níṣẹ́ lọ́wọ́ rí. Ẹnìkan péré ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí. Tí rẹ́ǹtì bá sì ku oṣù mẹ́rin kó pé, kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dáwó, kẹ́ ẹ ti lọ rí onílé.